Ìmúrasílẹ̀ fún Òpin Ayé ní Ìbàdàn Tuntun: Ìtàn Ìrètí Kan láàárín Àwọn Kristẹni, 1914 sí Òde Òní

1. Ìfáárà

Àwọn onímọ̀ ìtàn ti kọ púpọ̀ nípa ẹ̀sìn Kristẹni ní ilẹ̀ Yorùbá. Wọ́n ti kọ nípa àwọn òyìnbó ajíhìnrere, nípa ilé-ìwé àti ilé-ìwòsàn tí àwọn ìjọ dá sílẹ̀, àti nípa bí àwọn Aládùúrà ṣe ya kúrò lára àwọn ìjọ àgbà. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti kan ìgbàgbọ́ pé Jésù fẹ́ padà wá àti pé òpin ayé kù sí dẹ̀dẹ̀, díẹ̀ nínú wọn ni ó ń dúró yẹ̀ ẹ́ wò. Ohun tí a sábà máa ń gbọ́ ni pé ìgbàgbọ́ àwọn púrúǹtù ni, tàbí ti àwọn tí ìyà ayé ti sú.

Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, kò yẹ kí ìgbàgbọ́ náà rí ẹsẹ̀ walẹ̀ ní Ìbàdàn tuntun. Ohun tí a ń pè ní Ìbàdàn tuntun nínú bébà yìí ni Bódìjà, Agbowó, Dùgbẹ̀, Ring Road, Challenge àti àwọn àdúgbò tí ó yí wọn ká. A ya wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára Mápó, Ọjà'ba àti Bẹẹrẹ, níbi tí àwọn agbo ilé àtijọ́ wà. Àwọn akọ̀wé ìjọba, olùkọ́, akẹ́kọ̀ọ́ àti oníṣòwò ni ó pọ̀ jù níbẹ̀. Síbẹ̀, àárín àwọn wọ̀nyí gan-an ni ìrètí òpin ayé ti gbilẹ̀ jù lọ láti ọdún 1970.

Ìbéèrè tí ó jẹ wá lógún nìyí: kí ni ó fà á tí àwọn tí ó ń kéde pé ọjà ayé fẹ́ tú fi jẹ́ àwọn kan náà tí ó ń gba oyè, tí ó ń kọ́lé, tí ó sì ń dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀? Ìdáhùn wa ni pé láàárín wọn, ìmúrasílẹ̀ jẹ́ ọ̀nà iṣẹ́ ṣíṣe, kì í ṣe ọ̀nà ìjókòó dúró. A óò tún fi hàn pé iṣẹ́ náà ní iye tí ó náni, àti pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí ó san án ni a bi léèrè.

2. Ohun tí 'múra' ń wí

Kí á tó wọnú ìtàn, ó tọ́ kí á gbé ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ yẹ̀ wò. Ọ̀nà mẹ́ta ni Yorùbá ń gbà lo 'múra'. Ẹni tí ó ń lọ sí òde a máa múra, ìyẹn ni pé ó wọ aṣọ tí ó yẹ. Ọmọ tí ó fẹ́ yege a máa múra sí ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ẹni tí ó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀ a máa múra sílẹ̀. Aṣọ, iṣẹ́ àti ìrètí ni ó pàdé nínú ọ̀rọ̀ kan yìí. Ẹni tí ó bá gbọ́ ìwàásù òpin ayé ní èdè Yorùbá ti gbọ́ ohun tí ó ju 'dúró dè' lọ.

Bákan náà, Yorùbá ti ní èrò tirẹ̀ nípa òpin kí ẹ̀sìn Kristẹni tó dé. Ayé lọ́jà, ọ̀run nilé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Bọ́lájí Ìdòwú, tí ó ṣe olórí Ẹ̀ka Ẹ̀kọ́ Ẹ̀sìn ní Yunifásítì Ìbàdàn, ya apá kan sọ́tọ̀ nínú ìwé rẹ̀ Olódùmarè: God in Yoruba Belief (1962) fún àyànmọ́ ìkẹyìn ọmọ ènìyàn àti ìdájọ́ lẹ́yìn ikú. Ṣùgbọ́n nínú òwe yìí, ẹnìkọ̀ọ̀kan ni ó ń ti ọjà bọ̀ wá sílé. Bí ẹnìkan bá palẹ̀ ọjà rẹ̀ mọ́, ẹlòmíràn yóò pàtẹ níbẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ohun tí ìwàásù Kristẹni fi kún un ni pé ọjà náà fúnra rẹ̀ yóò tú lọ́jọ́ kan, tọlọ́jà tòǹrajà. Èyí ni ó sọ ọ̀rọ̀ òpin di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú.

Ní ọdún 1969, John Mbiti, ọmọ ilẹ̀ Kenya, tẹ ìwé kan jáde nínú èyí tí ó ti sọ pé nínú èrò ìbílẹ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú, àná àti òní ni ó pọ̀, ọjọ́ iwájú kò fi bẹ́ẹ̀ sí. Lérò tiwa, àlàyé yìí kò bá Yorùbá mu dáadáa. Ẹni tí ó ń ka ìtàdógún àti ìtàdọ́gbọ̀n, tí ó ń dá èésú, tí ó sì mọ oṣù tí yóò kàn án láti kó o, kò ṣàì mọ ọjọ́ iwájú í kà. Ohun tí ó ṣe tuntun ni bí ọjọ́ iwájú náà ṣe gùn tó, àti ẹni tí a ń retí níbẹ̀.

3. Àwọn tí ó kọ́kọ́ retí

Kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni ó bẹ̀rẹ̀ ìrètí yìí ní agbègbè Ìbàdàn. Ní ọdún 1914, David C. Babcock, ajíhìnrere Ìjọ Seventh-day Adventist, dé sí Ẹ̀rúnmu tí kò jìnnà sí Ìbàdàn. Inú ìrètí òpin ayé ni a ti bí ìjọ tí ó rán an wá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọlẹ́yìn William Miller ti retí ìpadàbọ̀ Jésù ní ọjọ́ 22 oṣù October, 1844. Nígbà tí ọjọ́ náà kọjá, àwọn kan nínú wọn tún Ìwé Mímọ́ yẹ̀ wò, wọ́n sì fìdí ìjọ yìí múlẹ̀ ní 1863. Ní Ẹ̀rúnmu, ìjọ àti ilé-ìwé ni Babcock fi bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó gbà pé òpin kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ó ń kọ́ ọmọdé ní A, B, D. Kí á fi èyí sọ́kàn, nítorí a óò tún padà bá a.

Ìṣísẹ̀ kejì ti ọ̀dọ̀ àwọn Yorùbá fúnra wọn wá. Nígbà àjàkálẹ̀ àrùn ti ọdún 1918, ẹgbẹ́ àdúrà kan dìde láàárín àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1922 wọ́n yapa kúrò nínú ìjọ náà. Nípasẹ̀ ìwé ìròyìn ẹ̀sìn ni wọ́n fi mọ Faith Tabernacle ti Philadelphia ní Amẹ́ríkà, tí ó ń kọ́ni ní ìwòsàn nípa àdúrà nìkan àti pé Olúwa ń bọ̀ kánkán. Ìsọjí tí Joseph Ayọ̀ Babalọlá darí ní Òkè-Ooye, Iléṣà, ní 1930 ni ó sọ ẹgbẹ́ kékeré náà di ohun tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá mọ̀, ó sì di Christ Apostolic Church nígbẹ̀yìn.

Ẹni tí ó ṣe aṣáájú wọn ní Ìbàdàn ni Isaac Babalọlá Akínyẹlé, ẹni tí ó kọ ìwé ìtàn Ìbàdàn jáde ní 1911, tí ó di ààrẹ ìjọ náà, tí ó sì jẹ Olúbàdàn láti 1955 títí ó fi wàjà ní 1964. Ó yẹ kí á dúró díẹ̀ lórí rẹ̀. Ọkùnrin yìí gbà pé ìjọba ọ̀run ń bọ̀, síbẹ̀ ó jókòó sí orí oyè ìlú tí ó tóbi jù lọ ní ilẹ̀ Yorùbá nígbà náà. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn àwọn jagunjagun tí ó ti kọjá lọ, ó sì ń retí ọjọ́ tí ìtàn yóò parí. A kò rí ẹ̀rí pé ọ̀kan nínú méjèèjì dí èkejì lọ́wọ́. J. D. Y. Peel, ẹni tí ó ṣe ìwádìí nípa àwọn ìjọ wọ̀nyí ní Ìbàdàn, tí ó sì tẹ ìwé Aladura jáde ní 1968, fi hàn pé àwọn onígbàgbọ́ wọ̀nyí ń fi òye àti ìrònú yan ọ̀nà wọn.

4. Ìlú tí kò ní agbo ilé

Nígbà tí a ka ènìyàn ní 1952, 459,196 ni iye àwọn ará Ìbàdàn. Ní 1963 iye náà ti di 627,379. Púpọ̀ nínú ohun tí ó fa ìbísí yìí ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àti ilé-ẹ̀kọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Yunifásítì bẹ̀rẹ̀ ní 1948, ó sì di yunifásítì tí ó dá dúró ní 1962. Ìjọba dá àjọ tí ó ń kọ́lé sílẹ̀ ní 1958, àjọ náà ni ó la ilẹ̀ Bódìjà sí ojúlé-ojúlé. A ṣí pápá ìṣeré Liberty ní Ring Road ní 1960. A parí Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ ní 1965. Agbowó, tí ó wà ní iwájú ẹnu ọ̀nà yunifásítì, di ibùwọ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí yàrá gbà nínú ọgbà. Ní ti Challenge, ìtàn tí àwọn ará ìlú ń sọ ni pé ilé ìtàwé kan ni ó fún un lórúkọ, ilé ìtàwé tí ó ń jẹ́ orúkọ kan náà pẹ̀lú ìwé ìròyìn Kristẹni African Challenge tí àwọn ajíhìnrere Sudan Interior Mission bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀ ní Èkó ní 1951.

Ohun tí gbogbo àdúgbò wọ̀nyí fi jọra ni pé kò sí agbo ilé níbẹ̀. Ẹni tí ó wá láti Èkìtì, láti Iléṣà, láti Ìjẹ̀bú tàbí láti ilẹ̀ Ìgbò ń gbé yàrá kan láàárín àwọn tí kò bá a tan. Kò sí baálé tí yóò bá a wí, kò sí ìyá àgbà tí yóò bá a gbàdúrà ní òwúrọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onígbàgbọ́ ni ó di agbo ilé fún ọ̀pọ̀ wọn. Níbẹ̀ ni ọmọ ẹni tí kò mọ bàbá ara wọn ti ń pe ara wọn ní Bùrọ̀dá àti Sísítà, tí wọ́n jọ ń jẹun, tí wọ́n jọ ń ṣe ìṣọ́ òru. Orúkọ tí a ń pe àdúrà òru náà bá ìrètí wọn mu, nítorí ìṣọ́ ni iṣẹ́ ọdẹ tí kò gbọdọ̀ sùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

5. Ọdún 1970

Ogun abẹ́lé parí ní ọjọ́ 15 oṣù January, 1970. Nínú oṣù kan náà ni ohun tuntun ṣẹlẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Christian Union ní Yunifásítì Ìbàdàn: àwọn kan jẹ́rìí pé àwọn gba ìrìbọmi Ẹ̀mí Mímọ́, wọ́n sì ń fi èdè tuntun sọ̀rọ̀. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti dá World Action Team for Christ sílẹ̀ láti máa gbé ìwàásù lọ sí àwọn ìlú mìíràn. Irú ìsọjí bẹ́ẹ̀ ti ń lọ ní apá ìlà-oòrùn nígbà ogun, níbi tí Bill Roberts ti Scripture Union ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Umuahia. Ní Iléṣà, Sydney Elton, òyìnbó ajíhìnrere tí ó dé ní 1937 tí kò sì padà sílé títí ó fi kú ní 1987, jẹ́ olùkọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń tọ̀ lọ nípa àkókò ìkẹyìn àti ipa tí Nàìjíríà yóò kó nínú rẹ̀.

Àlàyé tí ó rọrùn ni pé ogun ni ó dẹ́rù ba wọn. A kò sẹ́ pé ogun ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ẹ̀rù bà a máa sá pamọ́ ni. Àwọn wọ̀nyí jáde ni. Orí kẹrìnlélógún ìwé Mátíù, níbi tí a ti so òpin mọ́ wíwàásù ìyìn rere fún gbogbo orílẹ̀-èdè, ni ó jẹ́ kókó fún wọn. Bí ìwàásù bá ṣaájú òpin, a jẹ́ pé òpin kì í ṣe ohun tí ènìyàn kàn ń wò bí òjò tí ó ṣú. Ó di ohun tí a lè ṣiṣẹ́ sí. Nítorí náà ni wọ́n fi ń lo ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ láti gbé ìwé pélébé lọ sí ìlú àti abúlé. Matthews Ojo, ẹni tí ó kọ ìtàn wọn jù lọ, pe ìwé rẹ̀ ní The End-Time Army (2006). Ọmọ-ogun ni ó pè wọ́n, kò pè wọ́n ní òǹwòran.

Ètò ìjọba gan-an ràn wọ́n lọ́wọ́. Nígbà tí ètò àgùnbánirọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1973, àwọn tí ó jáde ní Ìbàdàn ni a fọ́n ká gbogbo Nàìjíríà láìná wọn ní kọ́bọ̀. Ní ọdún kan náà, W. F. Kúmúyì, tí ó ti gba oyè ìmọ̀ ìṣirò ní Ìbàdàn ní 1967, bẹ̀rẹ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Yunifásítì Èkó, èyí tí ó di Deeper Life. Onímọ̀ ìṣirò ni ó ń kọ́ni pé kí olúkúlùkù máa ṣírò ọ̀nà rẹ̀, nítorí a kò mọ wákàtí.

6. Iye tí ìmúrasílẹ̀ náni

Múra gẹ́gẹ́ bí aṣọ hàn gbangba. A kọ́ àwọn obìnrin láti yọ yẹtí àti ẹ̀gbà ọrùn, kí wọ́n bo orí, kí wọ́n má kun ètè. A kọ́ ọkùnrin àti obìnrin pé kí ayẹyẹ ìgbéyàwó mọ níwọ̀n. Ní ìlú tí owó epo ti ń ya wọlé, tí aṣọ ẹbí àti àríyá ti di ohun ìdíje, èyí kì í ṣe nǹkan kékeré. Ọ̀dọ́ tí kò lówó láti bá ẹgbẹ́ dọ́gba rí ibi tí àìní rẹ̀ kò ti jẹ́ ẹ̀gàn.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí ó wọ inú jù lọ ni ti dídá ohun tí kò tọ́ sí ni padà fún ẹni tí ó ni ín. Ẹni tí ó bá ti jí nǹkan, tí ó ti purọ́ gba owó, tàbí tí ó ti jẹ ojúsàájú nínú ìdánwò, kò gbọdọ̀ fi ẹnu lásán ronú pìwà dà. Ó ní láti lọ bá ẹni tí ó ṣẹ̀, kí ó jẹ́wọ́, kí ó sì dá nǹkan padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìwé ẹ̀rí tí ó fi ń jẹun. Nínú ìlú àwọn akọ̀wé ìjọba, níbi tí àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ti ń di àṣà, ẹ̀kọ́ yìí mú kí òpin ayé di ọ̀rọ̀ ìwé ìṣírò owó. A lè sọ pé òun ni àtakò tí ó le jù tí ẹnikẹ́ni ṣe sí ìwà ìbàjẹ́ ní àkókò náà, nítorí ọ̀dọ̀ ara ẹni ni ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ìhà kejì wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Ẹ̀kọ́ kan náà wọ ilé olórogún. Bí ọkọ tàbí aya bá gbà pé ìyàwó àkọ́fẹ́ nìkan ni ó tọ́, ìyàwó kejì ni yóò kó ẹrù rẹ̀. Ẹni tí ó fẹ́ kí ọwọ́ òun mọ́ kí Olúwa tó dé lè fi ọwọ́ mímọ́ náà ti obìnrin kan àti àwọn ọmọ rẹ̀ síta. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ oògùn. Nítorí kíníìnì àti oògùn mìíràn ni àwọn Aládùúrà fi pínyà pẹ̀lú àwọn òyìnbó Apostolic Church kí wọ́n tó di Christ Apostolic Church, tí ìjọba sì forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 1943. Ìgboyà ni fún àgbàlagbà tí ó yàn án fúnra rẹ̀. Ọmọ ọwọ́ tí ibà ń ṣe kò yan nǹkan kan. Òpìtàn tí ó bá yin ìwà mímọ́ wọn, kí ó ka àwọn wọ̀nyí mọ́ ọn.

7. Àmì àti iṣẹ́

Ní ọjọ́ 31 oṣù August, 1980, odò Ògùnpa kún bo bèbè. Ó gbé ilé, ọkọ̀ àti ènìyàn lọ, ó sì ju 100 ènìyàn tí ó kú. Ìtàn Nóà kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn, ìbáà ṣe Mùsùlùmí tàbí Kristẹni, kò sì ṣòro láti rí ìkún-omi náà gẹ́gẹ́ bí àmì. Ṣùgbọ́n àwọn ohun tí ó fà á wà ní ojútáyé: pàǹtí tí a dà sínú odò, ilé tí a kọ́ sí etí omi, afárá tí ọ̀nà abẹ́ rẹ̀ kéré. Ní ọjọ́ 26 oṣù August, 2011, irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀, omi wọ inú ọgbà yunifásítì pàápàá, ẹ̀mí tí ó lọ sì tún ju 100.

Ìlò méjì ni ènìyàn lè lo irú àmì bẹ́ẹ̀. Ó lè kà á mọ́ àwọn àmì tí ó ti kọjá, kí ó sì padà sílé. Ó sì lè ṣe bí Nóà inú ìtàn, ẹni tí ó gbọ́ ìkìlọ̀ tí ó gbé àáké. Ìrètí òpin tí ó dá lórí kíka àmì àti ọjọ́ ti já ọ̀pọ̀ kulẹ̀ káàkiri ayé. A ti mẹ́nu ba 1844. Ọ̀pọ̀ Ẹlẹ́rìí Jèhófà retí ohun ńlá ní 1975. Àwọn mìíràn ń wo ọdún 2000. Ní Ìbàdàn, ẹgbẹ́ tí ó pẹ́ jù ni èyí tí ó fún ọmọ ẹgbẹ́ rẹ̀ ní iṣẹ́ tí a óò ṣe lọ́la bí ọjọ́ náà kò bá tíì dé.

8. Láti abúlé Ẹ̀rúnmu dé yunifásítì

Nígbà tí ọrọ̀-ajé dẹnu kọlẹ̀, tí ìjọba sì gbé ètò àtúntò rẹ̀ kalẹ̀ ní 1986, ìwàásù yí padà. Ọ̀rọ̀ ìbùkún, iṣẹ́ àti ìdáǹdè kúrò lọ́wọ́ ọ̀tá bẹ̀rẹ̀ sí gba ipò tí ìpadàbọ̀ Olúwa wà tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé èyí ni òpin ìrètí òpin.

Ẹ jẹ́ kí á wo ẹ̀rí mìíràn. Ìjọ tí ó wá sí Ẹ̀rúnmu ní 1914 ni ó ni Yunifásítì Babcock ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, tí ìjọba fọwọ́ sí ní 1999. Ìjọ Akínyẹlé dá Yunifásítì Joseph Ayọ̀ Babalọlá sílẹ̀ ní Ìkéjì-Arákeji ní 2006. Deeper Life gba àṣẹ fún Yunifásítì Anchor ní Èkó ní 2016. Ní Ìbàdàn fúnra rẹ̀, Sword of the Spirit Ministries, tí Francis Wálé Òkè bẹ̀rẹ̀ ní 1983, gba àṣẹ fún Yunifásítì Precious Cornerstone ní 2017. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó ṣì ń kọ́ni pé Jésù yóò padà wá, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó sì ń gba ọmọ wọlé fún ẹ̀kọ́ ọdún mẹ́rin.

Ẹnìkan lè ní ilé wọ̀nyí gan-an ni ó fi hàn pé wọn kò retí mọ́. Àwa kò gbà bẹ́ẹ̀, nítorí ilé-ìwé ti wà ní Ẹ̀rúnmu láti ọjọ́ kìíní. Ohun tí ó yí padà ni ẹni tí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún. Ní 1970, akẹ́kọ̀ọ́ tí kò ní kọ́bọ̀ lè múra sílẹ̀ pẹ̀lú Bíbélì kan àti ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì. Lónìí, owó ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni ju agbára ọmọ tálákà lọ, àti ọmọ tálákà inú ìjọ tí ó ni ín pẹ̀lú.

9. Ìkádìí

A ti gbìyànjú láti fi hàn pé ìrètí òpin ayé ní Ìbàdàn tuntun kì í ṣe ti aláìmọ̀wé, kì í sì í ṣe ti ọ̀lẹ. Ó rí ààyè nínú èdè tí ó ti so ìrètí mọ́ iṣẹ́ àti aṣọ, nínú ìlú tí ó kún fún àlejò tí kò ní agbo ilé, àti nínú àkókò tí ogun ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó sọ àwọn kan di olóòótọ́ ní ibi iṣẹ́ níbi tí òótọ́ ti ń pani lára. Ó tú ilé àwọn kan ká. Ẹni tí ó bá kọ apá kan sílẹ̀ láìkọ èkejì kò tíì kọ ìtàn náà.

Iṣẹ́ kan ń kánjú dúró de ẹ̀ka wa. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ogún ọdún ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1970 ti lé ní àádọ́rin ọdún báyìí. Àwọn ìwé pélébé, ìwé ìṣẹ́jú ìpàdé àti lẹ́tà tí wọ́n kọ láti ibi ìwàásù wà nínú àpótí ní Bódìjà àti Agbowó, ikán sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí a kò bá lọ bá àwọn Bùrọ̀dá àti Sísítà wọ̀nyí sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó palẹ̀ ọjà tiwọn mọ́, àti àwọn obìnrin tí ẹ̀kọ́ náà lé jáde nílé, ohun tí àwọn olórí ìjọ bá kọ sílẹ̀ nìkan ni yóò kù fún ẹni tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn wa.